Bọ́ọ̀sì Kékeré Ayé Àtijọ́: Èwo Ni Ká Rà Nínú Dinky, Corgi, Matchbox àti Onípáànù?

Bí wọ́n bá gbé bọ́ọ̀sì kékeré àtijọ́ kan, irú èyí tí ọmọdé fi ń ṣeré, síwájú yín pé kí ẹ wá rà á, ẹ yí i dojú dé kí ẹ tó wo ọ̀dà ara rẹ̀. Abẹ́ rẹ̀ ni orúkọ ẹni tó ṣe é wà, abẹ́ náà sì ni àṣírí rẹ̀ ti ń tú. Ojú mọ́tò lè dán títí kó máa kọ mànà, kó jẹ́ pé ọdún tó kọjá ni wọ́n kùn ún.

Ní Ìlọrin títí dé Ọ̀fà, Òmù-Àrán àti Ìgbàjà, ọ̀nà méjì ni irú ọjà yìí sábà máa ń gbà dé ọwọ́ ẹni: kí ó jáde láti inú kọ́bọ́ọ̀dù àgbà tó lọ kàwé nílùú òyìnbó láyé ìjọsí, tàbí kí ẹnì kan rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti Gẹ̀ẹ́sì. Orúkọ kan ṣoṣo ni ọlọ́jà máa ń pe gbogbo rẹ̀. Bí a ṣe ń pe gbogbo ọṣẹ ìfọṣọ ní Omo, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pe gbogbo mọ́tò kékeré àtijọ́ ní Dinky. Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà, owó wọn kò sì jọra.

Dinky jẹ́ ti ilé iṣẹ́ Meccano ní Liverpool, èyí tí Frank Hornby dá sílẹ̀. Ní ìparí 1933 ni àwọn mọ́tò kékeré náà kọ́kọ́ jáde, ní 1934 ni wọ́n wá ń jẹ́ Dinky Toys. Ilé iṣẹ́ tó wà ní Binns Road yẹn ti ilẹ̀kùn pa ní 1979. Corgi jẹ́ ti Mettoy, Swansea ní ilẹ̀ Wales ni wọ́n ti ń ṣe é, ọdún 1956 ló sì dé ọjà. Matchbox jẹ́ ti Lesney ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn kéékèèké tó ń wọ inú páálí bíi ti ìṣáná, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1953. Àwọn onípáànù dàgbà ju Corgi àti Matchbox lọ, ọ̀rọ̀ tiwọn sì yàtọ̀ pátápátá.

Kóòṣì Dinky mẹ́rin

Bí ẹ bá gbọ́ pé ẹnì kan fẹ́ ta kóòṣì kékeré àtijọ́, ìyẹn àwòrán bọ́ọ̀sì ìrìn àjò, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin yìí. Gbogbo wọn gùn tó sẹ̀ǹtímítà 11 sí 12, ìyẹn bí ìka àárín ọkùnrin pẹ̀lú díẹ̀ lórí rẹ̀. Irin síǹkì tí wọ́n yọ́ dà sínú mọ́ọ̀dù ni bọ́dì wọn, páànù pẹlẹbẹ ni abẹ́ wọn, táyà wọn jẹ́ rọ́bà. Kò sí ìkankan nínú wọn tó ní gíláàsì lójú fèrèsé. Bí ẹ bá rí ọ̀rá tàbí pílásítíìkì lójú fèrèsé wọn, ẹnì kan ló fi í síbẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́.

Observation Coach ló kọ́kọ́ dé, ní 1950, wọ́n sì ń ṣe é títí di 1960. Ẹ ó dá a mọ̀ lára òrùlé rẹ̀: ẹ̀yìn ga ju iwájú lọ, bí ẹni pé wọ́n gbé àwọn èrò ẹ̀yìn sórí pèpéle kí wọ́n lè ríran. Eérú tàbí àwọ̀ wàrà ni ara rẹ̀, pẹ̀lú ilà pupa lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ibi tí òrùlé ti ga yẹn gan-an ni ọ̀dà ti kọ́kọ́ ń ṣí, torí pé òun ló ń fẹnu kan ilẹ̀ tí ọmọdé bá dojú rẹ̀ dé. Bí gbogbo ara rẹ̀ bá ti họ tí góńgó òrùlé sì mọ́ tónítóní, ẹ fura.

Luxury Coach tẹ̀ lé e ní 1951, ó sì parí ní 1959. Àwòrán kóòṣì gidi tí ilé iṣẹ́ Maudslay ṣe ni. Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, òun ni ojú wa kì í pẹ́ kúrò lára rẹ̀, torí pé ó rí bọ̀rọ̀gìdì, kò ní ẹ̀sọ́ púpọ̀. Ṣùgbọ́n àìgbayì yẹn ló jẹ́ kó dára fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀: kì í wọ́n jù, ó sì pọ̀ tó tí ẹ fi lè kọ èyí tí kò dára kí ẹ dúró de òmíràn. Aláwọ̀ ilẹ̀ pẹ̀lú ilà ọsàn wà, aláwọ̀ búlúù pẹ̀lú ilà wàrà wà, elésè-àlùkò tó ṣú náà wà.

Duple Roadmaster, 1952 sí 1960, ni èyí tó rẹwà jù lójú tiwa. Bọ́dì tí ilé iṣẹ́ Duple ṣe sórí ọkọ̀ Leyland Royal Tiger ni wọ́n fi ṣe àwòkọ́ṣe, imú rẹ̀ rọ̀ọ̀bọ̀tọ̀, ilà fàdákà sì sáré láti iwájú lọ sẹ́yìn. Búlúù àti pupa ló wọ́pọ̀. Olómi ọsàn wẹ́wẹ́ tó ní ilà pupa, àti aláwọ̀ ewé pẹ̀lú wàrà, ló ṣọ̀wọ́n. Ohun tó bá ṣọ̀wọ́n ni wọ́n ń ṣe ayédèrú rẹ̀, nítorí náà bí ẹ bá rí i ní àwọ̀ méjì yìí, ẹ fi ìlọ́po àkókò yẹ̀ ẹ́ wò ju bí ẹ ó ti yẹ búlúù wò lọ.

Ẹ̀kẹrin ni kóòṣì BOAC, 1956 sí 1963, aláwọ̀ búlúù dúdú tí òrùlé rẹ̀ funfun, pẹ̀lú orúkọ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. BOAC ló ń gbé àwọn èèyàn wa láti Kánò àti Èkó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù kó tó di pé wọ́n pa á pọ̀ mọ́ BEA, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú mìíràn, di British Airways ní 1974. Nínú ilé tí bàbá tàbí ìyá àgbà ti wọ ọkọ̀ yẹn rí, kò sí èyí tó lè bá a dọ́gba lórí tábìlì pálọ̀. Àléébù rẹ̀ ni lẹ́tà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn ni, tí omi àti ìka ọwọ́ ń jẹ ẹ́. Wọ́n ń ta lẹ́tà tuntun, èyí tuntun sì máa ń funfun jù, etí rẹ̀ a máa yọ sókè bí ẹ bá gbé e lòdì sí ìmọ́lẹ̀.

Nọ́ńbà wọn náà ń sọ̀rọ̀. Ní 1954 ni Meccano yí nọ́ńbà padà. Observation Coach tó ń jẹ́ 29f di 280, Luxury Coach 29g di 281, Roadmaster 29h di 282. BOAC dé lẹ́yìn ìyípadà náà, 283 ni látọ̀run wá. Ọlọ́jà tó bá sọ fún yín pé ti òun jẹ́ BOAC alámì 29 kò mọ ohun tó ń tà.

Bí ẹ ó ṣe mọ̀ bóyá wọ́n ti tún un kùn

A máa ń sọ pé ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Nínú ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì yìí, ọ̀dà tuntun kì í bù sí i, ńṣe ló ń bù kúrò. Èyí tó họ díẹ̀ pẹ̀lú ọ̀dà ilé iṣẹ́ ṣì níyì ju èyí tó ń dán pẹ̀lú sìpúréè panẹ́líbítà. Nítorí náà ìyẹ̀wò yìí ni kí ẹ fara balẹ̀ ṣe jù.

Ẹ wá òòfà kékeré, irú èyí tó wà lẹ́yìn sípíkà rédíò tó ti bàjẹ́. Ẹ gbé e sún mọ́ bọ́dì: kò gbọdọ̀ fà. Ẹ gbé e sí abẹ́: ó gbọ́dọ̀ fà. Bí bọ́dì bá fà, páànù ni, kì í ṣe kóòṣì Dinky. Bí abẹ́ kò bá fà, wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ojú ibi tí wọ́n ti kan abẹ́ mọ́ bọ́dì. Èèkàn kékeré tó ti ara bọ́dì yọ ni wọ́n gba ojú ihò páànù kọjá, tí wọ́n sì lù ú pa kí orí rẹ̀ fẹ̀. Orí tó jẹ́ ti ilé iṣẹ́ máa ń ṣú, ó sì tẹ́ lọ́nà kan náà. Ẹni tó bá fẹ́ tún bọ́ọ̀sì kùn dáadáa gbọ́dọ̀ fi dírìlì gbẹ́ orí yẹn kó tó lè tú u. Ibi tí wọ́n ti gbẹ́ máa ń kọ yẹ̀rìyẹ̀rì, tàbí kí ẹ bá ìdè mìíràn níbẹ̀: síkúrúù, gúlúù, rébẹ́ẹ̀tì tuntun. Ẹni tí kò tú u náà kò lè fara pamọ́, nítorí yóò ta ọ̀dà sí irin tó gbé táyà. Nílé iṣẹ́, lẹ́yìn tí wọ́n ti kun bọ́dì ni wọ́n tó ki irin yẹn bọ̀ ọ́. Irin tó ní ọ̀dà bọ́dì lórí jẹ́ ẹ̀rí tó tó.

Ẹ fi dígí tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá wo ilẹ̀kùn àti imú. Ọ̀dà ilé iṣẹ́ fẹ́lẹ́, wọ́n yan án nínú ooru ni, nítorí náà ìlà ẹnu ilẹ̀kùn máa ń hàn kedere bí ojú abẹ tuntun. Ọ̀dà àwa èèyàn nípọn, ó máa ń dí ìlà náà, igun fèrèsé a sì wá rọ̀ bí ọṣẹ tí wọ́n ti fi wẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Iná aláwọ̀ àlùkò tí àwọn ọlọ́jà Ọjà Ọba fi ń yẹ owó náírà wò wúlò níbí. Nínú yàrá tó ṣókùnkùn, ẹ tàn án sí i lára. Ọ̀dà tí wọ́n fi bo ojú ibi tó họ yóò yàtọ̀ sí èyí tó yí i ká, kódà bí ojú lásán kò bá rí ìyàtọ̀ kankan. Páálí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ pẹ̀lú máa ń tan funfun-búlúù lábẹ́ iná yẹn, nítorí kẹ́míkà tó ń mú bébà ìgbà wa funfun. Páálí àtijọ́ a máa ṣú.

Àwọn kan wà tí kì í ṣe ayédèrú, tí kì í sì í ṣe àtijọ́. Ilé iṣẹ́ Atlas ti tún àwọn Dinky kan ṣe jáde láyé ìsinsìnyí, kóòṣì Chausson ti ilẹ̀ Faransé sì wà lára wọn. Wọ́n lẹ́wà, wọ́n mọ́, owó wọn kéré. Kò sí aburú nínú kí ẹ ra ọ̀kan fún ojú. Aburú ni kí wọ́n fi owó àtijọ́ tà á fún yín.

Àìsàn irin

Èyí kan àwọn tí wọ́n ṣe ṣáájú ogun àgbáyé kejì jù, bíi Streamlined Bus tó jáde ní 1936. Síǹkì tí òjé tàbí táńganran díẹ̀ bá wọ inú rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń yọ́ ọ máa ń jẹ ara rẹ̀ láti inú lọ sí ìta. Bọ́dì á wú, á tẹ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀, ọ̀dà á lé ròrò, ìlà wẹ́wẹ́ á gba ara rẹ̀ bí ilẹ̀ tó gbẹ lẹ́ẹ̀rùn, nígbẹ̀yìn á já lọ́wọ́. Ooru àti ọ̀rinrin ń mú un yára, àwa sì ní méjèèjì láti oṣù kẹrin títí wọ oṣù kẹwàá. Kò ní oògùn. Gúlúù kò wò ó, ọ̀dà kò wò ó, wọ́n kàn ń bò ó mọ́lẹ̀ ni.

Ẹ gbé e sórí gíláàsì tábìlì. Bí táyà kan kò bá kan ilẹ̀, tí irin tó gbé e sì tọ́, bọ́dì ló tẹ̀. Ẹ fi ìka yí táyà kọ̀ọ̀kan: bọ́dì tó wú máa ń há irin táyà mọ́. Èyí tó bá ti lé ní ọgọ́rin ọdún láìní ojú lílà kankan ti ní irin tó mọ́, kò yẹ kí ẹ bẹ̀rù rẹ̀ púpọ̀. Èyí tó bá ti ní ẹyọ kan péré, ẹ fi í sílẹ̀, bó ti wù kí wọ́n dín owó rẹ̀ kù.

Àwọn ńlá: Corgi Midland Red àti Vega Major

Ọ̀rọ̀ gíláàsì ni Corgi fi wọ ọjà, òun ni wọ́n fi ń polówó ara wọn. Kóòṣì Midland Red wọn, nọ́ńbà 1120, jáde ní 1961. Ó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 14, pupa ni, àwòrán kóòṣì tó ń sá eré láàárín Birmingham àti Lọ́ńdọ̀nù lórí ọ̀nà M1 tí wọ́n ṣí ní 1959. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Roadmaster, ẹ ó rí i pé ó jọ ọkọ̀ gidi jù, fèrèsé rẹ̀ ló sì fà á. Fèrèsé yẹn kan náà, tó jẹ́ pílásítíìkì, ni ìdààmú rẹ̀. Bó bá pọ́n tàbí tó sán, kò sí ohun tí ẹ lè ṣe láìtú abẹ́ rẹ̀, ẹ sì ti mọ ohun tí títú ń dá sílẹ̀. Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni fi tínà tàbí pẹtiróòlù nù ún, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni yóò fi di kùrukùru.

Vega Major ti Dinky, nọ́ńbà 952, 1964 sí 1971, jẹ́ òmìrán láàárín wọn: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó sẹ̀ǹtímítà 24, ìlọ́po méjì Roadmaster. Bedford VAL ni, ìdílé kan náà pẹ̀lú Bedford tí àwọn bàbá wa fi kó iṣu àti èrò, ṣùgbọ́n èyí ní táyà mẹ́fà, mẹ́rin níwájú, méjì lẹ́yìn. Iná tó ń fi ibi tó fẹ́ yà sí hàn ń ṣẹ́jú pẹ̀lú báńtìrì. Ẹ ṣí ilé báńtìrì náà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí ná an. Báńtìrì tí wọ́n gbàgbé sínú rẹ̀ máa ń tú omi tó ń jẹ irin ìtanná, ẹ ó bá lẹ́búlẹ́bú funfun tàbí aláwọ̀ ewé níbẹ̀. Bó bá jẹ́ díẹ̀, ọtí kíkan lórí òwú yóò yọ ọ́. Bó bá ti jẹ ètè irin náà lọ, iná kò ní tàn mọ́, ẹ ná an gẹ́gẹ́ bí èyí tí iná rẹ̀ kú. Bó bá jẹ́ pé kò sí ilé iná rárá, ẹ wo nọ́ńbà rẹ̀: 954 tó dé lẹ́yìn rẹ̀ ni, kò ní iná láti ìbẹ̀rẹ̀. Continental Touring Coach, 953, kì í ṣe bọ́dì Vega Major ló ní, ti Wayne School Bus, 949, ni; wọ́n ṣe é fún nǹkan bí ọdún méjì péré, 1963 sí 1965, nítorí náà ó wọ́n ju Vega Major lọ.

Ẹni tí àyè rẹ̀ kéré kò gbọdọ̀ ra Vega Major. Ó nílò pákó tó fẹ̀, táyà rẹ̀ tó bá sì dúró pẹ́ lórí pílásítíìkì yóò lẹ̀ mọ́ ọn.

Matchbox, fún owó díẹ̀

Bedford Coach nọ́ńbà 21 tó jáde ní 1956 kò ju sẹ̀ǹtímítà 6 lọ, aláwọ̀ ewé, "London to Glasgow" lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní 1958 wọ́n ṣe èyí tó tóbi díẹ̀. Kóòṣì BEA nọ́ńbà 58 jáde lọ́dún yẹn kan náà, àbúrò rere fún BOAC. Táyà ni ẹ fi ń mọ ọjọ́ orí wọn: onírin ló ṣáájú, onípílásítíìkì aláwọ̀ eérú tẹ̀ lé e, dúdú ló kẹ́yìn. Mercedes Coach nọ́ńbà 68 jẹ́ ẹ̀kọ́ nípa àwọ̀: ti búlúù-ewé ló ṣọ̀wọ́n, ti ọsàn kún ìta. Ìdajì wákàtí àti òòfà kò pọn dandan fún ìwọ̀nyí. Bí lẹ́tà bá pé, tí táyà bá tọ́, ẹ rà á.

Onípáànù

Tri-ang Minic, tí Lines Bros bẹ̀rẹ̀ ní 1935, ní kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi ń yí sípíríǹgì rẹ̀, bọ́ọ̀sì Green Line wà nínú wọn. Àwọn ti Japan máa ń tóbi, wọ́n a sì máa sáré bí ẹ bá tì wọ́n síwájú lórí ilẹ̀. Ní Kwara, a kò gba ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ níyànjú láti fi onípáànù ṣáájú. Láti inú ni páànù ti ń dógùn-ún, níbi tí ojú kò dé, ọ̀rinrin wa kò sì jìnnà sí i. Bí ẹ bá ṣì fẹ́, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ ní ìdajì péré, ẹ di táyà mú, kí ẹ wá jọ̀wọ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Sípíríǹgì tó dára máa ń tú láìdáwọ́ dúró. Èyí tó ń fò lójijì ti já tàbí ó ti ní ìpẹtà.

Páálí àti owó

Páálí tó jẹ́ tirẹ̀ gan-an lè sọ owó di ìlọ́po méjì, ìyẹn ló fà á tí wọ́n fi ń wá páálí kiri. Páálí Dinky àwọ̀ yẹ́lò máa ń ní àmì róbótó kékeré ní etí tó ń fi àwọ̀ mọ́tò inú rẹ̀ hàn. Roadmaster pupa nínú páálí tí àmì rẹ̀ jẹ́ búlúù jẹ́ ọjà méjì tí wọ́n fún pọ̀. Ẹ ná an bẹ́ẹ̀.

Ẹ kọ̀wé sí ọlọ́jà kí ẹ tó fi ẹsẹ̀ yín débẹ̀: "Ẹ kú iṣẹ́ o, Àlàájì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ya fọ́tò abẹ́ rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, orí irin táyà, àti etí páálí, nínú oòrùn, kì í ṣe lábẹ́ iná." Ẹni tó bá ní ọjà tòótọ́ kì í bínú sí èyí.

Bó bá jẹ́ ọmọdé ni ẹ fẹ́ rà á fún, ẹ má rà á rárá. Òjé wà nínú ọ̀dà ayé ìgbà yẹn, ọmọ sì máa ń fi nǹkan sẹ́nu. Ẹ ra tuntun fún un. Bó bá jẹ́ ẹyọ kan ni ẹ fẹ́ ní láyé yín, BOAC tí lẹ́tà rẹ̀ pé ni ká rà. Bó bá jẹ́ pé ẹ ó máa kó wọn jọ, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Luxury Coach kí ọwọ́ yín lè mọ irin, kí ẹ tó lọ bá Roadmaster.

Ìtọ́jú àti wébíìlì

Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ pẹ̀lú ẹ̀kán ọṣẹ ìfọwo kan tó, lórí òwú, kì í ṣe nínú abọ́. Ọṣẹ dúdú le jù nítorí eérú inú rẹ̀, àdí sì ń kó eruku jọ. Ẹ má fi omi kan lẹ́tà. Ẹ̀kán epo ẹ̀rọ ìránṣọ kan lórí igi ìtayín tó fún irin táyà, kó má kan rọ́bà. Inú àpótí onígíláàsì ni kó wà nígbà ọyẹ́, kí eruku má bàa di ohun tí à ń nù lójoojúmọ́, torí nínù yẹn ló ń họ ọ̀dà. Ẹ kó àpò kékeré tó ń fa omi láti inú páálí bàtà tuntun sí i. Káfúrà kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀: òórùn rẹ̀ lè mú pílásítíìkì Corgi àti Vega Major rọ̀.

Bó bá ń ti Èkó bọ̀ nípa wébíìlì, kí wọ́n fi aṣọ òwú tí wọ́n ti fọ̀ wé bọ́ọ̀sì náà, kì í ṣe ìwé ìròyìn, kì í sì í ṣe ọ̀rá olófuurufú tó kan ọ̀dà. Kí páálí rẹ̀ dá wà, kó pẹlẹbẹ láàárín káádì méjì, torí pé bí bọ́ọ̀sì bá ń mì nínú rẹ̀, yóò fa etí rẹ̀ ya. Kí méjèèjì wọ inú rọ́bà oúnjẹ tó ní ìdérí, kí awakọ̀ má gbé e sí ìdí ẹ́ńjìnnì. Ẹ ṣí i ní gàráàjì, ní ìṣojú awakọ̀. Ẹ ka táyà, ẹ yí wọn, ẹ wo góńgó òrùlé, ẹ tún yí i dojú dé.